Ahọ́n Ìyé àti Wáìnì Ọdún Ooru

Wọ́n ní kí n yọ ọ́ kúrò. Ìgbìmọ̀ ìsìnkú jókòó sí pálọ̀ wa ní Kàbà, wọ́n ka ohun tí mo kọ nípa ìyá ìyá mi, Bàbá Ìjọ sì fi ìka kan ibì kan nínú rẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, yọ ọ̀rọ̀ ọtí yìí. Kọ ọ́ pé ó fi ọtí pípọn sílẹ̀ lọ́jọ́ ogbó rẹ̀, ó sì sùn nínú Olúwa." Mo ní ó sùn nínú Olúwa lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò fi ọtí pípọn sílẹ̀. Ó ní ṣé mo fẹ́ dójú ti ìdílé wa ni. Mo ní ta ni ojú ń tì? Wọ́n gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n fún ẹlòmíràn kà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni náà sì ka ìtàn obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tí kò bá ẹnikẹ́ni jà láyé. Mo jókòó, mo ń wo pósí, inú ń bí mi.

Èyí tí mò ń kọ yìí, èmi ni mo ni ín. Kò sẹ́ni tí yóò yọ nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ìyé ni gbogbo wa ń pè é, bí a ṣe ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa. Rèbékà ni orúkọ ìrìbọmi rẹ̀, ṣùgbọ́n inú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni Rèbékà ń gbé. Ọtí ọkà bàbà ló ń pọn. Ìyá rẹ̀ pọn ọ́n, ìyá ìyá rẹ̀ náà pọn ọ́n. Ọkà pupa ló máa ń lò. Ó ní ọkà funfun kò ní ìtàn kankan láti sọ. Á rẹ ẹ́ sínú omi, á tẹ́ ẹ sórí ewé títí á fi hù, á sá a, á lọ̀ ọ́, á sè é, á sẹ́ ẹ, á tún sè é. Bí iná bá ti wà nídìí ìkòkò rẹ̀, má gbé ẹjọ́ kankan wá bá a. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo sáré wọlé wá sọ fún un pé ewúrẹ́ rẹ̀ ti já okùn, ó ti wọ oko olóko. Kò tilẹ̀ yíjú. Ó ní, "Ewúrẹ́ á padà wá. Bí èyí bá hó jù, kò ní padà."

Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rò pé ọ̀mùtí ni. Irọ́ gbuu ni. N kò rí i kí ó yó rí, kódà n kò rí i kí ó mu ahá kan tán. Títọ́ ló ń tọ́ ọ wò. Kò sí obìnrin tó ń pọn ọtí ládùúgbò wa tí kì í gbé tirẹ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀ kí ó tó gbé e lọ síbi ìgbéyàwó tàbí òkú àgbà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé ọlọ́tí fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ mu, kí gbogbo ayé lè rí i pé kò fi nǹkan sí i. Lẹ́yìn náà, á jókòó kọjú sí Ìyé, kò sì gbọdọ̀ la ẹnu. Ìyé á gbé ahá síbi ìmọ́lẹ̀, á wo àwọ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀. Á gbọ́ òórùn rẹ̀, á gbé e jìnnà sí imú, á tún gbọ́ ọ. Á wá gba díẹ̀ sẹ́nu, á dì í mú lábẹ́ ahọ́n, ojú rẹ̀ á wà lókè àjà bí ẹni tó ń wá ibi tí ilé ti ń jò. Á tu ìyókù dànù. Á dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn máa ń pẹ́ débi pé ọlọ́tí á bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé tí kì í tètè sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹni tó bá tètè sọ̀rọ̀ lórí ọtí, ọ̀fun rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe ahọ́n rẹ̀."

Bí ó bá sì ti sọ ọ́, ó ti sọ ọ́ nìyẹn. Kì í bu iyọ̀ sí i fún olówó, kì í bu oyin sí i fún àna. Nígbà tí àwọn ará ilé ọkọ mi wá láti Ìyàh-Gbẹ́dẹ̀ láti tọrọ mi, wọ́n gbé ọtí wá, àwọn àgbààgbà sì ti mu ún, wọ́n ti ń mi orí pé ó dára, nítorí pé ta ni yóò ba ọjọ́ ayọ̀ jẹ́? Wọ́n gbé ahá dé ọ̀dọ̀ Ìyé. Ó gbà á sẹ́nu, ó wo òkè àjà. Mo wà nínú yàrá, mò ń yọjú láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì. Mo mọ̀ ọ́n. Mò ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó kàn parọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo péré fún mi. Ó tu ú dànù, ó rẹ́rìn-ín sí ìyá ọkọ mi, ó ní, "Ọmọ yín dára. Ọtí yín ló kan. Ẹ mú aya yín lọ, ẹ gbé ọtí yín padà."

Títí di òní, bí mo bá ṣẹ ọkọ mi, ohun tó máa ń sọ ni pé òun ì bá ti gbé ọtí nìkan padà.

Nílé wa, àwọn kan ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, àwọn kan ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, iyán kan náà ni gbogbo wa sì ń jẹ. Àbúrò Ìyé, Bàbá Sálíù, Mùsùlùmí òdodo ni. Ọtí kò kan ètè rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n imú ọkùnrin náà kò lẹ́gbẹ́. Bí ọkà bá ti hù tán, Ìyé á pè é kí ó wá gbóòórùn rẹ̀ bóyá ibì kan ti ń bu nínú rẹ̀, kí gbogbo ìkòkò má bàa bàjẹ́. Bàbá Sálíù á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Haba, Ẹ̀gbọ́n! Imú mi náà fẹ́ wọ àlùjánnà." Wọ́n á jà. Bàbá Sálíù á ní kí ó má pe òun mọ́, Ìyé á ní kí ó má jẹ iyán òun mọ́. Bí ó bá sì yá, á wọlé, á tẹrí ba sórí ewé, á gbóòórùn. Ìyé ló máa ń ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn: "Imú kì í dẹ́ṣẹ̀. Ẹnu ni kí o máa ṣọ́."

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti ọdún tí òjò tètè dá, nítorí pé ibẹ̀ ni ó ti kọ́ ohun tó wá lò nígbẹ̀yìn. Èmi ò tíì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga nígbà náà. Oòrùn mú, ọkà bàbà gbó kí ó tó sanra, hóró rẹ̀ kéré, ó sì le bí òkúta. Àwọn obìnrin ń sunkún pé kò lè ṣe ọtí. Ìyé pọn tirẹ̀. Ọtí náà pupa ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó dùn lẹ́nu láìsí pé ẹnikẹ́ni fi nǹkan dídùn sí i, àwọn àgbààgbà sì mu ún níbi ìpàdé wọn bí wọ́n ṣe máa ń mu ún. Kí ìpàdé tó dé ìdajì, wọ́n ti sùn lórí àga, ẹjọ́ ààlà oko sì wà níbẹ̀ láìdá. Ìyé kò bínú, kò sì tọrọ àforíjì. Ó kó ìyókù sínú ìkòkò, ó ri ìkòkò náà sínú iyanrìn tútù lábẹ́ àmù, ó fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó lẹ́nu kí atẹ́gùn lè máa bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n mu ún lọ́jọ́ kejì, ó ti rọ̀. Ohun tó sọ fún mi ni pé, "Ohun tí oòrùn bá sè, ibòòji ló ń tù ú."

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn jẹ́jẹ́ yẹn níwájú pósí, ẹ gbọ́ èyí tí ẹ kò kà.

Kí ìyá mi tó wọ ilé ẹ̀kọ́ ni ìjọ wa ti ṣòfin pé ẹni tó bá ń pọn ọtí kò gbọdọ̀ wá síbi Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Ìyé lọ bá àlùfáà ìgbà náà. Ó bi í pé kí ló wà nínú ago. Àlùfáà ní wáìnì ni, kì í ṣe ọtí. Ìyé ní, "Wáìnì náà, igi ló so ó, ènìyàn ló pọn ọ́n." Wọ́n yọ ọ́ kúrò síbẹ̀síbẹ̀. Àwọn yòókù tí wọ́n yọ máa ń dìde jáde lọ́jọ́ oúnjẹ, wọ́n á lọ dúró lábẹ́ igi máńgòrò. Ìyé kò jáde rí. Orí àga iwájú ló máa ń jókòó sí, á ká ọwọ́ lé itan, á máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún un pé kí ó wá ìjọ mìíràn, ìjọ pọ̀ ní Kàbà. Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kí ó pààrọ̀ ọmọ. Ó ní, "Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ jẹ. Wọn kò sọ pé n kò gbọdọ̀ wò."

Ó dùn ún. Ẹ má jẹ́ kí àyà líle rẹ̀ tàn yín. Mo ti rí ojú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí ago bá ń kọjá, mo sì mọ̀ pé kò sí ohun tó wù ú láyé bí kí ó kúnlẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní fi ìkòkò ìyá rẹ̀ rà á.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni ọmọ ìlú wa kan tó ń gbé ní ilẹ̀ Faransé fi ìgò wáìnì mélòó kan ránṣẹ́ fún àjọ̀dún ìjọ. Ó ní ojúlówó ni, ó ní ọdún tí oòrùn mú gan-an lọ́dọ̀ wọn ni wọ́n ká èso rẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n sì ń wá ti ọdún yẹn kiri. Ìparí ọyẹ́ ló dé. Ìyá Ìjọ gbé e sínú yàrá kékeré tí àlùfáà ti ń wọ ẹ̀wù, lábẹ́ páànù, ó sì wà níbẹ̀ ní gbogbo àsìkò ooru. Nígbà tí àjọ̀dún ku ọ̀la, ó ṣí ìgò kan, ó tọ́ ọ wò. Ẹ kúkú mọ̀ pé wáìnì tí ìjọ wa ń lò dùn bí omi ṣúgà. Èyí gbẹ ẹ́ lẹ́nu, ó mú un lọ́fun. Ó pariwo pé ó ti bàjẹ́. Kí ó lè tún un ṣe, ó bu ṣúgà sí i. Ó tọ́ ọ wò, ó tún bu sí i. Ohun tó kù nínú ìgò náà kò ṣeé fún ọ̀tá. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó fi í ránṣẹ́ ti gúnlẹ̀ sí Àbújá, ó ń bọ̀ wá jókòó níwájú lọ́jọ́ kejì, àlùfáà sì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, kò fẹ́ ìtìjú. Ẹnìkan ló wá dá a lábàá pé, ẹ gbé e lọ fún Ìyé.

Mo ti wálé láti Mopa, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́, fún àjọ̀dún náà. Èmi àti Ìyé wà ní ilé ìdáná ní ọ̀sán nígbà tí àlùfáà àti Bàbá Ìjọ gba ẹ̀yìn ilé wọlé, ìgò wà nínú láílọ́nù dúdú.

"Okun o, Ìyé," wọ́n kí i bí a ṣe ń kíni lọ́dọ̀ wa.

"Okun. Ṣé ẹnu ọ̀nà iwájú ti wó ni?"

Bàbá Ìjọ ní wọn kò fẹ́ kí ojú rí wọn. Àlùfáà ṣàlàyé ohun gbogbo, ó ní, "Ẹ dákun, Ìyá, ẹ bá wa tọ́ ọ wò." Ìyé ní àṣà kan: bí ó bá wà ní ìrẹ́pọ̀ pẹ̀lú àlùfáà, "ẹ̀yin" ló ń pè é, bí ìjà bá dé, "ìwọ" ni.

"Ìwọ," ó ní, "gbé e padà. N kì í tọ́ ọtí wò nínú láílọ́nù. Ibi tí wọ́n ti máa mu ún ni n ó ti tọ́ ọ wò, níwájú tábìlì."

"Ìyé, ẹ mọ òfin," ni Bàbá Ìjọ wí.

"Mo mọ̀ ọ́n ju ìwọ tí o ṣe é lọ. Òfin ní kí ọlọ́tí má wá sọ́dọ̀ tábìlì. Kí ló wá dé tí tábìlì fi ń wá ọlọ́tí bọ̀?"

Àlùfáà wo ilẹ̀, ó wo ìgò, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ." Mo gbé báàgì Ìyé, a gba àárín ìgboro kọjá, òun ló ṣíwájú.

Àwọn obìnrin tó ń tún ṣọ́ọ̀ṣì ṣe gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n gbé àga fún un síwájú tábìlì Olúwa. Ìgò oníṣúgà ló kọ́kọ́ gbóòórùn, ó sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́: "Èyí ti di ti èèrà." Ìyá Ìjọ ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Wọ́n ṣí òmíràn. Ìyé bèèrè pé ta ni ọlọ́tí. Wọ́n wo ojú ara wọn. Àlùfáà ní bóyá òun ni. "Ó dáa. Kọ́kọ́ mu, kí o jókòó síbí, má sọ̀rọ̀." Àlùfáà mu, ojú rẹ̀ rún, ó jókòó kọjú sí i, ó sì dákẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà fi ìborí bo ẹnu.

Mo mọ ohun tó wà lọ́wọ́ Ìyé ní wákàtí yẹn. Bàbá Ìjọ yìí, nígbà èwe rẹ̀, wà lára àwọn tó ka orúkọ rẹ̀ sókè lọ́jọ́ tí wọ́n yọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "ó ti bàjẹ́," wọ́n á da ohun ìyebíye náà nù, ojú á sì ti gbogbo wọn níwájú àlejò. Kò sẹ́ni tí yóò já a nírọ́.

Ó gbé ife síwájú aṣọ funfun tó wà lórí tábìlì, ó yí i. Àwọ̀ rẹ̀ ṣú bí osùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pò, ṣùgbọ́n létí ife ó mọ́ kedere. Ó gbóòórùn, ó gbé e jìnnà, ó tún gbóòórùn. Ó ní èso tí oòrùn ti fẹ́ sọ di gbígbẹ wà níbẹ̀, èéfín díẹ̀ sì wà. Ó gbà á sẹ́nu. Ojú rẹ̀ lọ sókè àjà. Òógùn ń kán ní iwájú orí àlùfáà. Ìyé tu ú sínú abọ́, ó ń fi ahọ́n pa òkè ẹnu, ó sì tún gba díẹ̀ sí i. A dúró. A dúró títí mo fi ń gbọ́ páànù tó ń ta nínú oòrùn.

"Kò bàjẹ́," ó ní. "Ẹ gbọ́, kò bàjẹ́. Ó gba ahọ́n mú bí kajú, bí ó ṣe yẹ kí ó rí nìyẹn, ohun tí kò gba ahọ́n mú kì í pẹ́. Dídùn wà nínú rẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ kò dúró dè é. Ṣùgbọ́n ọdún tí wọ́n ká a mú ooru, kíkan rẹ̀ kéré, yàrá yín sì tún fi ooru kún un. Agbára rẹ̀ ju ọgbọ́n rẹ̀ lọ. Ẹ ri àwọn ìgò náà sínú iyanrìn tútù, ẹ ṣí wọn kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n mí."

Àlùfáà bi í pé kí ni kí wọ́n ṣe fún un. Bàbá Ìjọ ti ń ki ọwọ́ bọ àpò. Ìyé dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó ní, "Ẹ ti ní ohun tí ẹ wá gbà," ó sì gba ilé lọ. Mo bi í lójú ọ̀nà pé kí ló dé tí kò fi bèèrè àyè rẹ̀ padà nígbà tí wọ́n ṣì ń wá ojúure rẹ̀. Ó ní kí n mú ẹsẹ̀ yá, oòrùn ń ta òun.

Lọ́jọ́ kejì, ṣọ́ọ̀ṣì kún. Wọ́n súre sórí wáìnì, wọ́n ní kí àwọn tó yẹ máa bọ̀. Ìyé dìde lórí àga iwájú. Mo di aṣọ rẹ̀ mú. Ó yọ ọ́ lọ́wọ́ mi jẹ́jẹ́, ó rìn lọ, ó kúnlẹ̀ láàárín àwọn yòókù. Ariwo kékeré gba inú ilé. Bàbá Ìjọ sáré wá, ó tẹ̀ sí i létí, ó ní kí ó dìde, kí ó má ṣe ba àjọ̀dún jẹ́. Ìyé kò sọ ọ́ kẹ́lẹ́. Gbogbo wa la gbọ́ ọ.

"Ẹnu tí ẹ fi tọ́ ọ wò lánàá ni mo gbé wá. Bí ó bá mọ́ tó fún àná, ó mọ́ tó fún òní."

Àlùfáà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó dúró. Ọmọkùnrin náà wo Bàbá Ìjọ, ó wo àlejò tó ti Faransé dé, ó wá wo Ìyé fúnra rẹ̀, obìnrin arúgbó tó kúnlẹ̀ tí kò sì fẹ́ dìde. Ó tẹ̀ sílẹ̀, ó gbé ago sí i létè.

Ìyé gbà á sẹ́nu. Kò gbé e mì. Ó gbé ojú sókè àjà, ó dì í mú lábẹ́ ahọ́n, gbogbo ìlà àwọn tó kúnlẹ̀ sì dúró dè é, àlùfáà dúró dè é, akọrin dúró dè é. Omijé ti gba ojú rẹ̀ dé àgbọ̀n. Nígbà tó yá, ó gbé e mì.

"Àlùfáà, ẹ ṣeun," ó ní. "Ó ti gbọ́n."

"Àmín," ni àlùfáà dáhùn, nítorí pé kò mọ ohun mìíràn tí ó lè sọ.

Ìyé padà sórí àga rẹ̀, ó ká ọwọ́ lé itan. Ní ọjọ́ Ajé, kí n tó wọ ọkọ̀ padà sí Mopa, ó ti rẹ ọkà bàbà pupa sínú omi.